Ẹnu Ẹlẹ́ṣin àti Ẹsẹ̀ Rẹ̀: Àyẹ̀wò Ìjà Inú Ọkàn nínú "Ikú Olókùn-Ẹṣin"

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka òwe yìí sí òwe tí a fi ń bá òpùrọ́ wí, ṣùgbọ́n bí a bá fi ara balẹ̀ wò ó, a óò rí i pé ó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ń fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ lè má ní i lọ́kàn láti tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ó lè dá a lójú gbangba pé òun yóò se ọbẹ̀ náà bí òun bá dé ìdí ààrò. Ìgbà tí ó bá dé ìdí ààrò tán, tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ti ṣe, ni ọ̀rọ̀ tí ó gbé wa dé ibí yìí ń bẹ̀rẹ̀. Kí ni ènìyàn ń ṣe nígbà tí ó bá rí i pé ohun tí òun gbàgbọ́, tí òun sì ti sọ ní gbangba, kò bá ohun tí òun ṣe mu?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé lé eré tí Wọlé Ṣóyínká pè ní "Death and the King's Horseman". Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa ní ọdún 1994, ó sì sọ ọ́ ní "Ikú Olókùn-Ẹṣin". Ní ọdún 2022, fíìmù tí Bíyìí Bándélé ṣe láti inú rẹ̀ jáde pẹ̀lú orúkọ "Ẹlẹ́ṣin Ọba", èdè Yorùbá ni púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé kì í ṣe àtìmọ́lé òyìnbó ni àjálù inú eré yìí, kì í sì í ṣe pé Ẹlẹ́ṣin jẹ́ ojo lásán. Àjálù náà ni bí ó ti rọrùn tó fún ènìyàn rere, ọlọ́lá, ẹni tí gbogbo ìlú ń kì, láti tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó lè bá ìṣe rẹ̀ mu, nígbà tí ó yẹ kí ó tún ìṣe náà ṣe.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ rántí ìtàn tí eré náà dá lé. Aláàfin Ṣiyanbọ́lá Ládìgbòlù, tí ó gun orí ìtẹ́ ní ọdún 1911, wàjà ní oṣù Kejìlá ọdún 1944. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Ọ̀yọ́, Olókùn-Ẹṣin ọba ní láti bá olúwa rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó gbéra láti ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1945, aláṣẹ ìjọba òyìnbó ní kí a mú un, kí a má sì jẹ́ kí ó kú; ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ni ó kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ ti fi ìtàn yìí ṣe eré tí ó pè ní "Ọba Wàjà" ní ọdún 1964. Nígbà tí Ṣóyínká máa ṣe tirẹ̀, ọdún 1946 ni ó pe ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ náà nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ó sì fa ìtàn náà sẹ́yìn sí àárín ogun àgbáyé kejì. Ó sọ ọmọ náà di akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ọlúńdé. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú kan náà ni ó ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ eré náà di ìtàn ìjà láàárín àṣà méjì. Ó ní ohun tí òyìnbó ṣe kàn dà bí iná tí a fi ran ohun tí ó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ ni. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, a ní láti bèèrè ohun tí ó ti gbẹ náà. Mo wí pé inú ọkàn Ẹlẹ́ṣin ni ó wà.

Ní ọdún 1957, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Leon Festinger, tẹ ìwé jáde lórí irú ìjà ọkàn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ nínú rẹ̀ kò ṣòro láti gbọ́. Ó ní bí èrò méjì bá wà lọ́kàn ènìyàn tí wọn kò bá ara wọn mu, ara kì í rọ olúwa rẹ̀. Bí ẹni tí ebi ń pa ti ń wá oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò máa wá ohun tí yóò mú kí wọn bára mu. Ó lè yí ìṣe rẹ̀ padà. Ó lè yí ìgbàgbọ́ rẹ̀ padà. Ó sì lè wá èrò kẹta tí yóò fi di àlàfo tí ó wà láàárín àwọn méjì ìṣáájú. Nítorí pé ìṣe tí a ti ṣe kò ṣeé kó padà bọ̀rọ̀, ìgbàgbọ́ ni ó sábà máa ń tẹ̀. Èmi yóò pe ipò yìí ní àìbáramu èrò, n óò sì pe èrò kẹta tí a fi ń di àlàfo ní àwáwí.

Ní ọdún 1959, Festinger àti ẹnìkejì rẹ̀, Carlsmith, fi ìdánwò kan gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ kan tí ó sú ni pátápátá. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n fún àwọn kan ní dọ́là 1, wọ́n fún àwọn mìíràn ní dọ́là 20, kí wọ́n lè lọ sọ fún ẹni tí ó kàn pé iṣẹ́ náà dùn. Lẹ́yìn náà ni a bi wọ́n léèrè ohun tí àwọn fúnra wọn rò. Àwọn tí ó gba dọ́là 1 ni ó ní iṣẹ́ náà dùn jù. Ìtumọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà fún un ni pé ẹni tí ó gba 20 mọ ìdí tí òun fi purọ́. Ẹni tí ó gba 1 kò rí ìdí tí ó tó, nítorí náà ó yí ọkàn ara rẹ̀ padà kí ó má baà jẹ́ òpùrọ́ lójú ara rẹ̀. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn ti jiyàn púpọ̀ lórí èyí. Ní ọdún 2024, a tẹ èsì iṣẹ́ àwọn olùwádìí láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jáde, àwọn tí ó tún irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣe, èsì náà kò sì bá gbogbo ohun tí ìwé ìṣáájú wí mu. Nítorí náà, àtùpà ni mo fi ìmọ̀ yìí ṣe, n kò fi ṣe òfin. Ẹ jẹ́ kí a gbé e wọ inú eré náà, kí a wo ohun tí yóò tàn sí.

Kí á sì rántí pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Iná ti jó ilé tán; kò sí ẹni tí ó lè dá eérú padà sí igi àjà. Ojú tí a fi wo eérú náà nìkan ni ó kù tí a lè yí padà. Òwe ìtùnú ni, ó sì dára láti fi tu ọba nínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọba fúnra rẹ̀ ni ó ti iná bọ ilé, tí ó sì ń fi òwe náà dáhùn nígbà tí ìlú bi í léèrè, a óò mọ̀ pé ìtùnú ti di àwáwí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo Ẹlẹ́ṣin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tí ọjà fẹ́ tú, ó wọlé pẹ̀lú àwọn onílù àti Olóhùn-iyọ̀ tí ń kì í. Ó sọ ìtàn ẹyẹ kan tí igbe rẹ̀ ń kéde pé ikú ti dé ìtòsí. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ igbe náà ni jìnnìjìnnì mú: àgbẹ̀ sá lóko, ọdẹ sá nínú igbó, adẹ́mu kò dúró nídìí ọ̀pẹ, olúkúlùkù sì ń wí pé òun kọ́ ni à ń pè. Ẹlẹ́ṣin ní ti òun yàtọ̀. Òun tẹ́ ẹní sílẹ̀ de ẹyẹ náà bí a ti ń tẹ́ ẹní de àlejò. Àwọn ìyá ọjà gbọ́, inú wọn dùn, wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀.

Àwọn kan tí ó ti yẹ eré yìí wò ní ibi yìí gan-an ni irọ́ Ẹlẹ́ṣin ti bẹ̀rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ìran náà tí ó fi hàn pé kò gba ohun tí ó ń sọ gbọ́. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni ó ti fi múra sílẹ̀ fún alẹ́ kan ṣoṣo yìí, gbogbo ọlá tí ó jẹ ní ọjà náà, àwìn ni, ikú rẹ̀ ni a ó sì fi san án. Ohun tí a rí ni pé bí ìlù ti ń dún sí i, tí oríkì ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ìkùnà yóò ná an ń ga sí i. Ìgbàgbọ́ tí a pa mọ́ sínú ni a lè yí padà ní kọ̀rọ̀. Ìgbàgbọ́ tí a ti jó sí ní àárín ọjà kò ṣeé yí padà láìjẹ́ pé ojú tì wá. Níhìn-ín ni eré náà ti ju ìwé Festinger lọ. Ọkàn ẹnì kan ni ọ̀mọ̀wé náà sábà ń wò. Ìlú ni Ṣóyínká ń wò. Àìbáramu inú Ẹlẹ́ṣin kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, nítorí pé ìlú ni ó bá a fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ó rí ọmọbìnrin arẹwà kan, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni ọmọbìnrin náà. Ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀run ní alẹ́ yìí, kí ni ó fẹ́ fi ìyàwó ṣe? Ẹlẹ́ṣin mọ̀ pé ìbéèrè náà wà nílẹ̀, ó sì ní ìdáhùn tí ó dára létí: kì í ṣe ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni, ẹrù ni òun fẹ́ sọ̀ kí ìrìn lè yá, irúgbìn tí kò ní wúlò ní ọ̀run ni òun fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn alààyè. Ẹ ṣe àkíyèsí ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Kò wí pé òun kò fẹ́ kú mọ́. Kò sẹ́ ojúṣe rẹ̀. Ó kàn mú ìfẹ́ ayé, ó wọ̀ ọ́ ní aṣọ ojúṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò fi dá a mọ̀ mọ́. Àwáwí àkọ́kọ́ nìyí, ó sì ti wà kí òyìnbó kankan tó yọjú sí ọjà.

Ìyálọ́jà pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti sọ pé ohun tí ó ń bèèrè yìí kò yẹ. Inú rẹ̀ kò sì dùn sí i, nítorí pé a rí i bí ó ti ń kìlọ̀ fún Ẹlẹ́ṣin lẹ́yìn tí ó ti gbà fún un. Ṣùgbọ́n ó wá ìdí: ó ní ẹni tí ó ti wà ní ẹnubodè ọ̀run, ohun tí ó bá bèèrè kò ṣeé fi dù ú. Ó yí ìrora ìyá tí a gba ìyàwó ọmọ rẹ̀ padà di ọlá. Nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ Ẹlẹ́ṣin ní àtìmọ́lé lẹ́yìn náà, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ gún un bí abẹ́rẹ́, mo rò pé apá kan ìbínú yẹn, ara rẹ̀ ni ó ń bá jà.

Ṣóyínká kò dá àìbáramu yìí sí ọ̀dọ̀ àwọn ará ọjà nìkan. Ohun tí ó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe. Simon Pilkings, aláṣẹ òyìnbó, ka àṣà wa sí ìwà àìlajú, síbẹ̀ ẹ̀kú egúngún ni òun àti aya rẹ̀ Jane gbé wọ̀ láti lọ jó níbi àríyá, kí wọ́n lè gba ẹ̀bùn. Ó fẹ́ kí Jósẹ́fù ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ onígbàgbọ́ tí kò bẹ̀rù egúngún, síbẹ̀ ó fi omi mímọ́ ìgbàgbọ́ kan náà ṣe ẹlẹ́yà lójú rẹ̀. Ó rán ọlọ́pàá láti gba ẹ̀mí ẹnì kan là, nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ kú lójú ogun. Jane sọ fún Ọlúńdé nípa ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ kí ọkọ̀ rẹ̀ má baà pa àwọn ẹlòmíràn. Ó ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ọ́mọ̀ sọ ẹ̀mí nù. Ọlúńdé ní ti òun, ìtàn náà gbé òun ró ni. Obìnrin yìí kì í ṣe ènìyàn búburú, ó tilẹ̀ ń gbìyànjú láti lóye ju ọkọ rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò rí i pé ìtàn tí òun ń sọ ti dáhùn ìbéèrè tí òun ń bèèrè.

Nínú gbogbo wọn, Amúsà ọlọ́pàá ni mo rò pé a ti fojú kéré jù. A máa ń fi í rẹ́rìn-ín lórí ìtàgé, nítorí èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tí kò gún àti nítorí bí àwọn ọmọbìnrin ọjà ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mùsùlùmí ni, ìránṣẹ́ ìjọba ni, ó sì ti mú àwọn olórí tí ó dá rúkèrúdò sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ egúngún. Ṣùgbọ́n ó ní ààlà: òun kò fọwọ́ kan egúngún fúnra rẹ̀, òun kò sì bú u. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Pilkings tí ó sì rí ẹ̀kú lára rẹ̀, ó kọ̀ láti sọ̀rọ̀ ikú níwájú aṣọ ikú. Ó kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé. Àìbáramu wà lọ́kàn Amúsà, ó sì hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi àwáwí bò ó. Ó fi ààlà sí i, ó sọ ibi tí ààlà náà wà fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì gba èébú tí ó bá a wá. Bí a bá ń wá ẹnì kan nínú eré yìí tí ó mọ bí a ti ń gbé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ méjì láìpa irọ́ fún ara ẹni, Amúsà ni.

Ní àtìmọ́lé, inú ilé tí a ti ń kó ẹrú sí láyé ìgbà kan, ni ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin ti dé góńgó. Ó ń bá ìyàwó tuntun rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì ka àwọn tí ó ti dá lẹ́bi lẹ́sẹẹsẹ. Ó kọ́kọ́ dá òyìnbó lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ó dá àwọn òrìṣà lẹ́bi pé wọ́n kọ òun sílẹ̀. Nísinsìnyí ó ń ṣe é bíi pé kí ó dá ìyàwó náà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ó dá ara rẹ̀ dúró níbẹ̀. Ó rí i pé ẹ̀bi tí a di ru ẹlòmíràn kì í ṣe ẹ̀bùn tí a fi ń tu ayé tí a ti ṣẹ̀ lójú. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí Ìyálọ́jà dé tí kò sì ṣàánú rẹ̀, ó sọ ohun tí ó wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo rẹ̀: nígbà tí ọwọ́ àjèjì kan òun, èrò kan sọ sí òun lọ́kàn pé bóyá ọwọ́ àwọn òrìṣà ni ó wà nínú ìdádúró náà.

Lójú mi, gbólóhùn yìí ni òpó eré náà. Ẹni tí ó wí pé Ẹlẹ́ṣin sá fún ikú kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Ẹsẹ̀ Ẹlẹ́ṣin falẹ̀, òyìnbó sì dé bí ẹsẹ̀ náà ti ń falẹ̀. Ní ìṣẹ́jú yẹn, ọkàn rẹ̀ rí àwáwí tí ó tóbi jù lọ, èyí tí ó mú kí ìfẹ́ ayé àti ìfẹ́ òrìṣà di ohun kan náà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn òrìṣà ni ó dá mi dúró, èmi kò kùnà. Mo ṣì jẹ́ olóòótọ́. Àwáwí tí ó lágbára jù kì í jáde láti inú ohun tí a kò gbà gbọ́. Inú ìgbàgbọ́ wa gan-an ni ó ti ń hù. Ohun tí ó gbé Ẹlẹ́ṣin ga díẹ̀ nínú ìṣubú rẹ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ hú gbòǹgbò náà jáde, ó sì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó pè é bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí a gbé òkú Ọlúńdé wọlé nínú ẹní, tí Ẹlẹ́ṣin sì fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ti Ọlúńdé wá ńkọ́? Òun nìkan ni kò tẹ ọ̀rọ̀ láti bá ìṣe mu. Ó ti kọ́ ẹ̀kọ́ láti gba ẹ̀mí là, síbẹ̀ ó gbà pé baba òun gbọ́dọ̀ kú. Nígbà tí ó rí baba rẹ̀ láàyè, ó kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó rí i pé gbèsè náà kò tíì san, ó fi ara rẹ̀ san án. Ikú yá ju ẹ̀sín. Ó wu ni lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n níhìn-ín ni mo ti rí àbùkù eré náà. Ṣóyínká kò jẹ́ kí a wọ inú ọkàn ọmọkùnrin yìí. Ọdún mẹ́rin ni ó ti lò ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, láàárín àwọn aláìsàn àti àwọn tí ogun ṣe léṣe; kò ha sí alẹ́ kan tí ìmọ̀ ìṣègùn bá àṣà baba rẹ̀ jà nínú rẹ̀? Bí ó bá jà, a kò rí i. Ó dé pẹ̀lú ìdáhùn ní ọwọ́. Nítorí náà ó dà bí òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àwọn yòókù ju bí ó ti dà bí ènìyàn lọ. Ewu èyí ni pé òǹkàwé ọ̀dọ́ lè rò pé ọ̀nà méjì péré ni ó wà, kí a ṣe àwáwí bíi ti baba tàbí kí a kú bíi ti ọmọ.

Bí a bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ "Ọba Wàjà", a óò rí ohun tí Ṣóyínká fi kún un. Ládiípọ̀ gbé ẹrù ẹ̀bi náà ka orí aláṣẹ òyìnbó ju bí Ṣóyínká ti ṣe lọ, eré rẹ̀ sì lágbára ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé òtítọ́ ni pé àjèjì náà fọwọ́ kan ohun tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé dídá òyìnbó lẹ́bi ni ohun àkọ́kọ́ tí Ẹlẹ́ṣin ti Ṣóyínká ṣe, òun sì ni ó kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Nígbà tí àwa olùkọ́ bá bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè pé ta ni ó jẹ̀bi, òyìnbó ni tàbí Ẹlẹ́ṣin, a ń dá wọn dúró ní ibi tí Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀ ti kọjá. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi wọ́n ni èyí: ní ìgbà wo ni Ẹlẹ́ṣin kọ́kọ́ sọ ohun tí ó mú kí àṣìṣe rẹ̀ dà bí ohun tí ó tọ́, ta ni ó sì gbọ́ tí ó dákẹ́?

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ yìí dúró sínú ìwé nìkan, mo ti fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ nìyẹn. Ìwé àwọn tí ó fẹ́ràn Yorùbá ni ìwé wa yìí. À ń dìde ní ìpàdé, a ń wí pé èdè wa kò gbọdọ̀ kú. Inú wa sì dùn nígbà tí a bá gbọ́ ìyìn. A padà dé ilé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń bá ọmọ wí, òun ni a fi ń pè é wá jẹun. Bí ẹnì kan bá bi wá léèrè, ìdáhùn wa kì í pẹ́. A kọ́kọ́ wí pé ilé ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà a wí pé ayé ti yí padà, kò sí ohun tí ẹnì kan lè ṣe sí i. Bí a bá lé wa dé ògiri, a óò ní àwọn ọmọ fúnra wọn ni kò fẹ́ sọ ọ́. Aláṣẹ, òrìṣà, ìyàwó: ìtò kan náà tí Ẹlẹ́ṣin fi ka tirẹ̀ ni. Èyí tí ó le jù sì tún wà lẹ́yìn wọn, èyí tí ó hù láti inú ìfẹ́ tí a ní sí ọmọ: a ní a fẹ́ kí ọjọ́ iwájú rẹ̀ dára. Òótọ́ ni a fẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ yẹn ni ó mú kí ó ṣòro láti rí i pé àwáwí ni.

Kí ni kí ènìyàn ṣe, nígbà náà? Eré náà kò fún wa ní oògùn, ṣùgbọ́n ó fi ohun mẹ́ta hàn wá. Èkíní ni pé kí a tètè fura sí ìdí tí ó bá dára jù. Nígbà tí ohun tí ó wù wá bá bọ́ sí ohun tí ó yẹ wá láìsí ìnira kankan, ó yẹ kí a dúró, kí a tún un wò, nítorí pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ irúgbìn Ẹlẹ́ṣin ti rí. Èkejì ni pé kí a ní ẹni tí yóò sọ fún wa ní ọ̀sán, kí alẹ́ tó lẹ́. Òtítọ́ Ìyálọ́jà ní àtìmọ́lé kò dín ní ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìbá ṣe ní ọjà. Ọ̀rẹ́ tí ń kì wá nìkan kò tó. Olóhùn-iyọ̀ kì Ẹlẹ́ṣin títí, ohùn rẹ̀ kò sì dá a padà.

Ẹ̀kẹta ni ti Amúsà. Kì í ṣe gbogbo àìbáramu ni a lè parí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé láàárín ìgbàgbọ́ méjì, èdè méjì, òfin méjì, kò sì sí idà tí a fi lè gé ọ̀kan kúrò láìgé ara wa. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a bo ọgbẹ́ náà kí ó lè dà bí ẹni pé ó ti jinná. Kí a sọ ọ́ jáde: ohun báyìí ni mo gbà gbọ́, ohun báyìí ni mo ń ṣe, wọn kò bára mu, ibi báyìí ni n kò ní kọjá. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ìlù, wọ́n sì lè fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti sọ ọ́ ṣì lè gbé ìgbésẹ̀ kan lọ́la láti mú ìṣe rẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, nígbà tí ẹni tí ó ti ṣe àwáwí kò rí ìdí láti sún mọ́ ibìkan. Òbí tí ó bá wí pé, "Mo fẹ́ èdè yìí, n kò sì fi kọ́ ọmọ mi," ó kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí a bá tún ṣe eré yìí lórí ìtàgé ní ọgbà wa, tàbí tí a bá kà á pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì wa, ẹ jẹ́ kí a máa wo ẹní tí wọ́n gbé wọlé ní ìparí. Àwáwí baba ni a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjà, láàárín ìlù àti aṣọ olówó iyebíye. Òkú ọmọ ni ó wà nínú ẹní náà.